Adjara àti Orúkọ Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Ṣábẹ

Ẹ̀rọ omi kan ló sọ Adjara aránṣọ di olóṣèlú. Ẹ̀rọ omi àdúgbò rẹ̀ ní Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nítòsí ibi tí rélùwéè gbà kọjá, ti bàjẹ́ tipẹ́, àwọn obìnrin sì ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí omi pọn. Adjara gba ọ̀nà mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, lọ. Wọn kò lé e, wọn kò sì bú u. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n ní kó ṣe sùúrù, wọ́n ní ìgbìmọ̀ kómúnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ló gbọ́dọ̀ jíròrò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà lọ, tí wọ́n tún sọ ohun kan náà, ó béèrè bí ènìyàn ṣe ń wọ inú ìgbìmọ̀ náà.

Akọ̀wé tó dá a lóhùn rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ìbò ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Ẹni tí kò bá sì sí lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan kò lè dupò lórílẹ̀-èdè wa yìí. Òfin ò gbà kí ènìyàn dá dúró."

Adjara dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sídìí máṣínì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú rẹ̀.

Ó ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún nígbà náà. Obìnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé. Rachad, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ ní Parakou, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Ìyá Rachad. Ó ti rán aṣọ ìgbéyàwó fún wọn, ó ti rán aṣọ iléèwé, aṣọ ọdún Iléyá àti aṣọ ìrìbọmi. Bó bá ní aṣọ yóò yá lọ́jọ́ Jímọ̀, á yá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹni tó bá ti bá aránṣọ da nǹkan pọ̀ rí mọ̀ pé ìwà yìí kò wọ́pọ̀.

Barthélemy ló mú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tuntun wá. Ará Kétu ni, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá sí Ṣábẹ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó fẹ́yàwó síbẹ̀, tó sì fẹ̀yìn tì síbẹ̀. Nínú àwọn tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ Adjara, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí kò kọ́ ní ìwé rí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì ṣàlàyé fún un pé àwọn àgbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn olùkọ́ kan ti ń péjọ láti dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ náà gùn ní èdè Faransé, ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣábẹ ti sọ ọ́ ní Àgbájọ.

"Òfin ní a gbọ́dọ̀ ní olùdásílẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní kómúnù kọ̀ọ̀kan," ni Barthélemy wí. "Kì í ṣe ní Ṣábẹ níbí nìkan o. Láti etí òkun títí dé ààlà Niger lókè lọ́hùn-ún. Bí kómúnù kan bá dín, ẹgbẹ́ náà kú sínú oyún nìyẹn."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò pọ̀, Bàbá Olùkọ́."

"Ènìyàn ò pọ̀, Ìyá Rachad. Ìwé ló pọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú ìwé ìbí wá, á mú ìwé tó fi hàn pé ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni, á mú ìwé ibi tó ń gbé, á tún mú ìwé ilé-ẹjọ́ pé wọn ò tíì dá a lẹ́bi ọ̀ràn rí. Kò sì gbọdọ̀ sí nínú ẹgbẹ́ mìíràn."

Adjara ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ orúkọ mi sí i. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá àwọn yòókù."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá wá wọn aṣọ, yóò bá a sọ ọ́. Kò ṣèlérí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì ṣèlérí ẹ̀bùn. Ohun tó ń sọ ni pé, "Bí a kò bá ní ẹgbẹ́ tiwa, ẹnu ọ̀nà la ó máa dúró sí." Kó tó pẹ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti pé. Wọ́n bá àwọn kómúnù yòókù lọ sí ìpàdé ìdásílẹ̀ ní Bohicon. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ka òfin ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n nawọ́ sí i, tí wọ́n yan àwọn aṣíwájú, tí wọ́n sì fẹnu kò lórí àmì ẹgbẹ́. Wọ́n kó gbogbo ìwé náà lọ sí ilé-iṣẹ́ mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní Kútọnu, oníkálukú sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ń retí.

Èsì tó dé kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Romuald, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kó ìwé ẹgbẹ́ jọ ní Kútọnu, ló fi ọkọ̀ gbé e wá sí Ṣábẹ. Ó bá Adjara àti Barthélemy nínú ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ti rẹ̀ ẹ́ tipẹ́tipẹ́.

"Wọ́n dá ìwé wa padà," ló wí. "Ìjọba fún wa ní àkókò díẹ̀ láti tún un ṣe. Ṣábẹ wà lára ibi tó ti bàjẹ́. Ẹni méjì ni wọn ò gbà níbí. Orúkọ Théophile ti wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn. Bàbá Lassissi tó wà ní Okpara sì rèé, orúkọ inú ìwé ìbí rẹ̀ àti ti inú káàdì rẹ̀ ò bára mu."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Théophile. Afọ́mọtò ni, kì í ṣe òpùrọ́. Ó di orí mú. Ó rántí pé nígbà ìpolongo ìbò kan lọ́jọ́ kan, òun fọwọ́ sí ìwé kan níbi tí wọ́n ti ń pín fìlà. Fìlà lòun rò pé òun ń fọwọ́ gbà, òun kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ lòun ń wọ̀. Ojú tì í débi pé kò lè wo Adjara. Adjara ní kó máa lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀, pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó lọ tán, Romuald rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, ọ̀nà kan wà tó yá. Ẹ ti sọ fún mi pé ọkọ yín ní àbúrò kan tó wà ní Libreville, ní Gabon. Ìwé rẹ̀ kò ha wà nílé? Kí a fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò Théophile, kí ẹnìkan bá a fọwọ́ sí i. Ìwé kúkú ni ìwé."

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

"Á mọ̀ tó bá yá."

Adjara yíjú sí Barthélemy. Olùkọ́ náà ń wo ilẹ̀. "Ọmọ náà ò fi ibi sọ ọ́, Ìyá Rachad," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ọjọ́ ti lọ. Bí Ṣábẹ bá kùnà, gbogbo àwọn tó kù, títí dé òkè ọ̀hún, ló kùnà. Àwa ni wọ́n máa dárúkọ."

Adjara mú aṣọ kan tó ti gé sílẹ̀ lórí tábìlì, ó nà án fún wọn. "Bí àlùmọ́gàjí bá ti gé aṣọ yìí wọ́, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè tún un ṣe. Mo lè rán an títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á máa fà á sọ́tùn-ún sósì ni. A ní a fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí pé àwọn kan ń sọ̀rọ̀ lórúkọ wa láìbi wá léèrè. Àwa náà á wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí a ò bi léèrè? Ẹ fún mi láyè. Tí n kò bá rí ẹlòmíràn, ẹ̀bi mi ni. Ẹ ní èmi ni mo ba ẹgbẹ́ jẹ́."

Romuald dìde. Ó kó ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ó padà sí Kútọnu.

Okpara ni Adjara kọ́kọ́ lọ. Kajú ti ń jábọ́ nígbà náà, Bàbá Lassissi sì ti tẹ́ ti rẹ̀ sínú oòrùn níwájú ilé, ó ń fi ẹsẹ̀ yí i. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dùn ún rárá.

"Ìyá Rachad, ẹ káàbọ̀. Ṣé wọ́n ti forúkọ ẹgbẹ́ wa sílẹ̀?"

"Wọn ò tíì fi sílẹ̀, Bàbá. Orúkọ tiyín ló dá a dúró." Ó ṣàlàyé fún un pé akọ̀wé tó kọ ìwé ìbí rẹ̀ kọ "Lassissi", ẹni tó ṣe káàdì rẹ̀ sì kọ "Lasisi". "Lójú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ẹni méjì ni yín. Ilé-ẹjọ́ ló lè tún un ṣe."

"Ẹni méjì!" Bàbá náà dúró ṣinṣin láàárín kajú. "Kí wọ́n wá fi ẹnì kejì náà hàn mí. Bó bá wà ni, ì bá ti máa bá mi kọ ebè. Àgbò ni bàbá mi fi sọ mí lórúkọ. Mi ò ní lọ sí ilé-ẹjọ́ lọ bẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Ẹni tó ba orúkọ jẹ́ ni kó lọ tún un ṣe."

Adjara kò jà á níyàn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó bọ́ sínú kajú náà, ó ń bá a yí i. Wọ́n ṣe é títí, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa iṣu. Nígbà tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi láti mu omi, ó ní, "Bàbá, ẹ ò lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ ń lọ jẹ́rìí ara yín ni. Bí ẹ bá jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ yín bá fẹ́ gba ìwé ilẹ̀ oko yìí, ẹ̀rọ á ní baba tó ni í kọ́ ló bí wọn."

Bàbá náà mu omi rẹ̀ tán. Nígbà tó yá, ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun wá agbádá òun tó mọ́.

Ọ̀nà ilé-ẹjọ́ jìn. Zémijáǹ, alùpùpù akérò, ni wọ́n gùn dé ojú títì ńlá, Adjara gba bàbá náà mú láti ẹ̀yìn bí ẹni gbé ọmọ, kí wọ́n tó rí ọkọ̀ wọ̀. Ẹlẹgbẹ́ bàbá náà kan bá wọn lọ láti jẹ́rìí pé ìgbà kan náà làwọn jọ wà lọ́mọdé. Wọ́n dúró títí ẹsẹ̀ fi wú. Nígbà tó kàn wọ́n, adájọ́ béèrè èwo ni orúkọ rẹ̀ gan-an nínú méjèèjì. Bàbá náà ní, "Èyí tí ẹ bá pè tí mo bá yíjú, òun ni." Adájọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fún un ní ìwé pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì.

Ẹni tí yóò rọ́pò Théophile ló wá kù. Àwọn tí Adjara bi léèrè láàárín ìlú, àwọn kan ti wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn, àwọn kan ò ní ìwé pé, àwọn mìíràn sì ń bẹ̀rù. Ló bá rántí Laure, ìyàwó ilé kan ní abúlé kan ní apá Boni, tó máa ń wá ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Laure ti kàwé jìnnà kó tó lọ́kọ, ó sì ti kó gbogbo ìwé rẹ̀ pé nígbà tó ń wá iṣẹ́ ìjọba.

Laure ì bá tètè gbà, ṣùgbọ́n Antoine ọkọ rẹ̀ ni kò fẹ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń pọ́n àdá. Ó kí Adjara dáadáa, ó bu omi fún un, ó sì sọ ohun tó wà ní inú rẹ̀.

"Ìyá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n òṣèlú ló lé ẹ̀gbọ́n mi kúrò nílé. Ó bá wọn pariwo lọ́dún ìbò kan, wàhálà ṣẹlẹ̀, ó sá lọ sí Nàìjíríà. Títí dòní, kò padà wá. Ìyá wa kú, kò lè wá sin ín. Ẹ wá ní kí n fi orúkọ ìyàwó mi sílẹ̀?"

Adjara gbé ife omi náà sílẹ̀. Ó lè sọ pé kò séwu, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá sọ bẹ́ẹ̀. "Mi ò lè ṣèlérí fún yín pé kò ní sí wàhálà," ló wí. "Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo parọ́ fún yín nínú ilé yín. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé a ò ní fi orúkọ Laure sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Bó bá sì di ọjọ́ tó ní òun ò ṣe mọ́, èmi fúnra mi ni n ó lọ yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá ní rárá, mo ti gbà. Aṣọ tí mo ń rán fún un á ṣì yá lọ́jọ́ Jímọ̀."

Antoine gbé àdá sílẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Laure, ìwọ ńkọ́? Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀."

Laure nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Mo fẹ́ ṣe é," ló wí. "Mo kàwé títí, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nǹkan kan rí, àfi Ìyá Rachad."

Antoine mí kanlẹ̀. Ó ní kó lọ kó ìwé rẹ̀ jáde.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá ku díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru dá Barthélemy dúbúlẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò. Òun ni ì bá gbé ìwé Ṣábẹ lọ, òun ló gbọ́ Faransé dáadáa. Adjara dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kó fọkàn balẹ̀. Faransé tirẹ̀ kò ju èyí tó fi ń ra òwú àti bọ́tìnnì lọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ Kútọnu.

Romuald dúró dè é, wọ́n jọ wọ ilé-iṣẹ́ mínísítà náà. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Ó fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ní òun máa ń fi fóònù pe àwọn kan nínú àwọn olùdásílẹ̀, kí òun mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ pé orúkọ wọn wà níbẹ̀. Adjara rí i tí Romuald gbé ojú sílẹ̀.

Wọ́n pe Laure. Fóònù náà dún títí, kò gbé e. Adjara mọ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Boni ṣe rí. Wọ́n tún un pè. Laure gbé e, atẹ́gùn oko ń fẹ́ lẹ́nu fóònù, ó sì fi Faransé tó mọ́ gaara dáhùn pé òun ni, òun lòun fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó fipá mú òun.

Nígbà tí wọ́n pe Bàbá Lassissi, òun ò gbọ́ Faransé, obìnrin náà ò sì gbọ́ Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ wọn. Ó ké sí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Norbert nínú yàrá kejì, ọmọ Pọ́bẹ̀ tó ń sọ ọ́. Norbert jẹ́ kí ohùn náà jáde síta kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin ni Lassissi?"

"Èwo nínú wọn? Mo ti gba ìwé fún àwọn méjèèjì."

Ẹ̀rín gba yàrá náà. Norbert béèrè bóyá ó mọ̀ pé ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àti ìdí tó fi bá wọn ṣe é.

"Mo mọ̀ dájú," ni bàbá náà wí. "Láti ìgbà tí mo ti ń dìbò, àwọn òṣèlú ló máa ń wá bá mi nílé, tí wọ́n bá sì ti lọ, wọ́n lọ nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo fẹ́ máa lọ bá wọn."

Norbert túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin náà rọra tẹ èdìdì sí ìwé pé òun ti gba ohun tí wọ́n mú wá. 

Wọ́n dúró fún ìgbà díẹ̀ sí i kí ìwé ẹ̀rí, èyí tí wọ́n ń pè ní resepisé, tó jáde. Lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ Àgbájọ di ohun tí òfin mọ̀, ó lè fa olùdíje kalẹ̀. Romuald pe Adjara lórí fóònù. "Màmá, kómúnù mìíràn wà tí wọ́n gba ìmọ̀ràn tí mo fún yín," ló wí. "Wọ́n pe ẹni náà lórí fóònù, ó ní òun ò mọ ohunkóhun. Díẹ̀ ló kù kí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, a sáré rí ẹlòmíràn. Ẹ dárí jì mí." Adjara ní, "Ó ti tán, ọmọ mi. Lọ sùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù."

Àwọn ará Ṣábẹ fi Adjara ṣáájú orúkọ àwọn olùdíje wọn sí ìgbìmọ̀ kómúnù. Ó fi ẹsẹ̀ rìn, ó gun zémijáǹ, ó dé abúlé tí kò rán aṣọ dé rí. Níbi gbogbo tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá bá ti pe ìpàdé, ó máa ń nawọ́, ó máa ń béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe sí ọ̀rọ̀ omi, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, láìpariwo, títí ó fi di pé àwọn olùdíje yòókù ti ń dáhùn kó tó béèrè.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ korò. Ẹgbẹ́ Àgbájọ rí ìbò púpọ̀ ní Ṣábẹ, kò sì rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ìbò rẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò tó èyí tí òfin béèrè kí ẹgbẹ́ tó lè gba àga nínú ìgbìmọ̀. Kò rí àga kan ṣoṣo. Adjara gbọ́ ọ lórí rédíò, ó jókòó jẹ́ẹ́, omi lé sí i lójú. Barthélemy, tí ara rẹ̀ ti ń yá, wá jókòó tì í.  Ìgbìmọ̀ tuntun fi ẹ̀rọ omi àdúgbò náà sára iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, torí ó ti di ohun tí gbogbo ìlú gbọ́ pé wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan rò pé ẹgbẹ́ náà á túká. Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìbò, Antoine ló gbé àwọn bẹ́ǹṣì jáde síwájú ilé rẹ̀ ní Boni, ó sì ń tò wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò fún ìpàdé ẹgbẹ́. Àwọn ènìyàn dé láti Okpara, wọ́n dé láti inú ìlú. Wọ́n ní kí Adjara bọ́ síwájú kó sọ̀rọ̀. Ó kọ̀, ó ní àárín àwọn obìnrin lòun fẹ́ jókòó sí, kí òun náà lè gbọ́. Laure ló dìde, ó kí wọn káàbọ̀, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ibi tí àwọn ti kùnà, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá sọ bí wọ́n ṣe máa múra sílẹ̀ de ìbò tó ń bọ̀. Bàbá Lassissi ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè.